Iṣẹ́ Apòògùn Kọjá Kó Máa Ka Hóró Oògùn

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa láti Òkè-Fìà lọ sí Ọláìyá ní Òṣogbo láàárọ̀ òní, arákùnrin kan ń ròyìn pé òun lọ wo ẹ̀gbọ́n òun ní ọsibítù, àwọn dókítà yí bẹ́ẹ̀dì ká, apòògùn kan sì wà láàárín wọn tó ń bi aláìsàn ní ìbéèrè. Ó ní, “Kí ni ẹni tó ń ta oògùn ń wá nídìí bẹ́ẹ̀dì? Kó padà sídìí fèrèsé rẹ̀, kó lọ máa ka hóró oògùn.” Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ nílé, mo ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, irọ́ ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ màmá mi méjèèjì wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan ní kíndìnrín ni, àwọn kan ní ayé ló ṣe wọ́n. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ fún wọn ní oògùn tó ń mú wọn tọ̀ léraléra. Wọ́n ń tọ̀, wíwú ò rọlẹ̀.

Ọsibítù kejì dá wọn dúró. Apòògùn wọ́ọ̀dù, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ní kí n lọ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá, títí kan àgbo àti èyí tí a rà ní kẹ́mísìtì. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mú páálí méjì, ó ní kí n kà á. Orúkọ ńlá orí wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, nǹkan kan náà ni: amlodipine 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà kan kọ ọ̀kan ní Òṣogbo, òmíràn kọ ìkejì nígbà tí màmá mi lọ kí àbúrò mi ní Ìbàdàn. 20 mg ni màmá mi ń gbé mì lójúmọ́, 10 mg sì ni òpin rẹ̀. Oògùn yẹn gan-an a máa mú ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá pọ̀. Oògùn ló wú ẹsẹ̀, a wá tún fi oògùn mìíràn lé wíwú! Ó tún rí diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń rà fún orúnkún, èyí tó lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, tó sì lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó bá dókítà sọ ọ́, dókítà gbà. Wọ́n yọ oògùn mẹ́ta. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá mi wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Dókítà kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó kọ. Kò sí ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ àfi apòògùn.

Tẹ́ ẹ bá ní ti màmá mi nìkan ò tó, ní 1999, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lucian Leape, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú JAMA, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Ní Massachusetts General Hospital ní Boston, wọ́n fi apòògùn kan kún àwọn tó ń yí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù ká láàárọ̀. Jàǹbá tí àṣìṣe nínú kíkọ oògùn ń fà já láti 10.4 sí 3.5 nínú 1,000 ọjọ́ tí aláìsàn lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló pòórá. Ìmọ̀ràn 366 ni apòògùn yẹn mú wá lórí oògùn, àwọn dókítà gba 362. Àwọn dókítà fúnra wọn o!

Lóòótọ́, wọ́ọ̀dù kan péré ni, Boston kì í sì í ṣe Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ibẹ̀ àti ti ibí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà yọ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, kúrò lára. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì dín oògùn náà kù, etí aláìsàn lè di. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n wá fún ní Flagyl láìṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Irú èyí ni apòògùn ń wá nídìí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n á ní dókítà ló kàwé jù. Ta ló bá wọn jiyàn?

Arákùnrin yẹn sọ̀ ní Ọláìyá kí n tó sọ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, apòògùn yẹn á sì tún padà wá bi í ní ìbéèrè lọ́la. Kó dá a lóhùn. Kó má fi àgbo tó mu pamọ́.