Ẹ Yé Fi Ọ̀bẹ Gé Họ́ọ̀sì Bíréèkì!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń tú bíréèkì? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú èèyàn. Èèyàn á dé ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ àlòkù jọ sí, á rí ọkọ̀ tó ní dísìkì bíréèkì (awo irin tó ń bá wíìlì yí) lẹ́yìn, inú á dùn pé òun máa yọ ọ́ lọ sára ọkọ̀ òun tó ń lo dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn bíréèkì tó dà bí agolo. Kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, á rí i pé ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú. Onítọ̀hún ò tiẹ̀ wá nítorí bíréèkì. Ṣọ́kù ló wá yọ, tàbí họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de wíìlì mọ́), họ́ọ̀sì rọ́bà wá dí i lọ́wọ́, ló bá gé e. Kálípà, ìyẹn irin tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró, wá ń rọ̀ dirodiro lórí okùn háńdì-bíréèkì, ẹnu họ́ọ̀sì tó gé kọjú sókè, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ń gbabẹ̀ wọlé bí ẹni fi àrọ rọ omi sínú ìgò.

Bóòtù méjì péré ló yẹ kó tú o! Méjì péré!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀bẹ yẹn bà jẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 àti DOT 4 máa ń fa omi mọ́ra, kódà láti inú afẹ́fẹ́ lásán. Bí gbogbo ẹnu kálípà bá wà ní dídí, ọ́ìlì tó kún inú rẹ̀ ló ń dáàbò bo irin. Tí wọ́n bá ti gé họ́ọ̀sì, ọ́ìlì á ro jáde, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin á gba ipò rẹ̀, ìwọ̀nba tó bá sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ á máa mu omi. Ibi tí omi bá ti fara ti irin ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Písítìn onírin, ìyẹn òpó inú kálípà tó ń ti páàdì, máa ń dán gbinrin nítorí kúróòmù tó wà lára rẹ̀, àmọ́ tó bá ti dógùn-ún, ara rẹ̀ á yọ ihò wínníwínní bí ara ajere.

Ihò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Rọ́bà onígun mẹ́rin kan wà nínú kálípà tó rọ̀gbà yí písítìn ká. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, písítìn á yọ síwájú díẹ̀, rọ́bà yẹn á tẹ̀ tẹ̀lé e. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, rọ́bà á na ara rẹ̀ padà, á sì fa písítìn sẹ́yìn. Rọ́bà yẹn ló ń fà á o, kì í ṣe idán. Písítìn tí ara rẹ̀ ti ṣe ṣákaṣàka kì í yọ̀ nínú rọ́bà mọ́: á jáde, kò ní padà. Páàdì á máa ha dísìkì láti àárọ̀ dalẹ́, wíìlì á gbóná janjan, páàdì ẹ̀gbẹ́ kan á jẹ tán nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì nípọn. Kálípà tó jẹ́ pé rọ́bà tuntun àti ìfọ̀mọ́ nìkan ni ì bá gbà ló di àfọ́kù irin yẹn, torí pé ẹnì kan ò fẹ́ dìde lọ mú sípánà.

Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú u ò le rárá. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀, kí ẹ ju háńdì-bíréèkì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fà á sókè kí wọ́n tó pa á tì, ìdí nìyẹn tí dísìkì fi ń kọ̀ tí kò jáde, táwọn kan á wá máa fi òòlù fọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ẹ dán nípùlù wò, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú kálípà. Orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 8mm tàbí 10mm. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ fi mú un, kì í ṣe onígun méjìlá tó máa ń rún orí rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọnú ògùn-ún sí i, ẹ fi òòlù kékeré kàn án lórí jẹ́jẹ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bó bá kán, ẹ fi kálípà náà sílẹ̀, kò wúlò fún yín.

Ó kan bóòtù oníhò tó so họ́ọ̀sì mọ́ kálípà, 12mm tàbí 14mm lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ dẹ̀ ẹ́ nígbà tí kálípà ṣì wà lórí ọkọ̀, tí bóòtù tirẹ̀ ṣì dì í mú gírígírí. Ibí yìí gan-an ni ìwà ọ̀bẹ yẹn ti ń wá! Wọ́n á kọ́kọ́ tú kálípà sílẹ̀, á wá máa yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀, tí wọ́n bá yí sípánà, kálípà náà á bá a yí, bóòtù ò ní gbà, ni wọ́n á bá fìbínú mú ọ̀bẹ. Ká ní wọ́n ti dẹ bóòtù yẹn kí wọ́n tó tú kálípà, ìdá mẹ́rin ìyípo sípánà ti tó.

Tí ẹ bá ti rí i pé ó dẹ̀, ẹ fún un padà, kí ẹ lọ tú òdìkejì họ́ọ̀sì, níbi tó ti pàdé páìpù irin. Sípánà olórùka tí wọ́n la ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí páìpù lè gbabẹ̀ wọlé ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Sípánà ẹlẹ́nu lásán á rún orí nọ́ọ̀tì. Ẹ yọ kílíìpù tó di họ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀, kálípà á sì jáde tòun ti họ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ fi ike tàbí bóòtù kékeré dí ẹnu rẹ̀. Ẹ ò ní lo họ́ọ̀sì ọ̀hún lórí ọkọ̀ yín o. Tuntun lẹ máa rà, pẹ̀lú wọ́ṣà bàbà méjì tuntun fún bóòtù oníhò kọ̀ọ̀kan. Ìdérí ni họ́ọ̀sì àtijọ́ yẹn jẹ́, kí òjò àti erùpẹ̀ má bàa wọlé kí ẹ tó délé.

Àwọn tó ń yọ ọ́ tà wá tún dá kún un. Wọ́n á kó kálípà jọ gègèrè, kò ní sí bírákẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀. Tí ẹ bá bèèrè, wọ́n á ní irin lásán ni, àwọn ti jù ú nù. Irin lásán kẹ̀! Nígbà tí dísìkì ń yí, tí páàdì dì í mú, bírákẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń gba gbogbo agbára tó fẹ́ gbé páàdì lọ. Òun ló gba páàdì dúró, òun ló gba kálípà dúró. Kálípà tí kò ní bírákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ gan-an kò ṣeé so mọ́ nǹkan kan. Píìnì méjì tí kálípà ń yọ̀ lé lórí ńkọ́? Wọ́n ti sọnù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, píìnì òkè àti tìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn lè ní rọ́bà kékeré lẹ́nu. Àmọ́ inú agolo ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí, ti ọkọ̀ mẹ́wàá pa pọ̀, wọ́n ní kí èèyàn ṣà á. Tí píìnì kò bá yọ̀ dáadáa, páàdì inú nìkan ló máa ń jẹ, tìta á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá. Àwọn mìíràn á tún fi gíríìsì bẹ́rìn sí píìnì, rọ́bà á wú, píìnì á há pátápátá. Gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì nìkan ló gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Háńdì-bíréèkì ló ń dùn mí jù, torí òun ni ẹnikẹ́ni kì í rò títí tí iṣẹ́ á fi bàjẹ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ onídísìkì. Èkíní wà nínú kálípà fúnra rẹ̀: apá irin kékeré kan wà lẹ́yìn kálípà tí okùn ń fà, tó ń yí ọ̀pá oníyípo nínú, tí ìyẹn sì ń ti písítìn. Ojú písítìn irú èyí máa ń ní ihò tàbí ilà tí wọ́n fi ń yí i. Yíyí ni wọ́n ń yí i wọlé, wọn kì í fi kílámpù tẹ̀ ẹ́! Ẹni tó bá fi kílámpù tẹ̀ ẹ́ ti fọ́ inú rẹ̀, kò sì ní hàn lójú. Á kó o lọ sílé, á so ó, ọjọ́ tó bá gbé ọkọ̀ sórí òkè ló máa mọ̀ pé háńdì-bíréèkì ò mú nǹkan kan. Kí ẹ tó gbà á, ẹ fi ọwọ́ fa apá irin yẹn: ó gbọ́dọ̀ lọ láìha, kó sì fúnra rẹ̀ padà débi tó ti dúró tẹ́lẹ̀. Tó bá dúró sáàárín ọ̀nà, ẹ gbé e padà fún wọn.

Oríṣi kejì ní ṣúù kéékèèké (irin títẹ̀ tó ń fẹ̀ síta láti mú) nínú àárín dísìkì, bí dúrọ́ọ̀mù kékeré. Ibẹ̀ ni gíríńdà ti ń ṣe iṣẹ́ ibi. Awo irin tó wà lẹ́yìn, tí ṣúù àti sípíríǹgì rẹ̀ so mọ́, wà láàárín họ́ọ̀bù àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí awo yẹn tó lè jáde, họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ jáde. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà, bóòtù mẹ́rin ló dì í mú láti ẹ̀yìn, ẹ sì máa kọ́kọ́ tú wáyà ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí wíìlì há) kúrò lára rẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn fà, ẹ máa fa ọ̀pá wíìlì yọ. Ṣé iṣẹ́ ni? Iṣẹ́ ni. Àmọ́ kí èèyàn wá fi gíríńdà la awo náà sí méjì kó lè fà á yọ láìtú họ́ọ̀bù, ṣé orí pé? Awo tí wọ́n bá ti là kò lè dúró mọ́. Ibẹ̀ ni ṣúù ń gbára lé. Tí dísìkì bá ń kọ̀ láti jáde, ẹ wá ihò tí wọ́n fi rọ́bà dí, ẹ tibẹ̀ yí irin oníràwọ̀ tó ń fẹ ṣúù sẹ́yìn, ṣúù á sún wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ wo ojú dísìkì: bó bá ní ihò méjì tí inú wọn ní ìlà bíi ti inú nọ́ọ̀tì, bóòtù M8, ìyẹn tó nípọn ní 8mm, ló sábà máa ń gbà, ẹ ki bóòtù méjì bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fún wọn níkọ̀ọ̀kan, níkọ̀ọ̀kan. Dísìkì á fúnra rẹ̀ jáde, ẹ ò ní lu nǹkan kan.

Okùn rẹ̀ náà, wọ́n ń gé e! Okùn tó wà fún dúrọ́ọ̀mù kò bá ti dísìkì mu, orí wọn yàtọ̀, gígùn wọn yàtọ̀, nítorí náà okùn méjèèjì láti inú ọkọ̀ náà gan-an lẹ nílò. Èékánná irin kéékèèké ló di okùn mú níbi tó ti wọ ihò. Ẹ wá sípánà olórùka tó máa há mọ́ ọn, 12mm sábà máa ń ṣe é, ẹ tì í gun orí àwọn èékánná yẹn, gbogbo wọn á tẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, okùn á jáde. Kò gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Kí ló dé tí ẹ fi ń gé e?

Ẹ sì yé ta kálípà òsì méjì fún èèyàn. Nípùlù gbọ́dọ̀ wà lókè tí kálípà bá wà lórí ọkọ̀, torí òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ. Tí ẹ bá so òsì sí ọ̀tún, nípùlù á bọ́ sísàlẹ̀, ẹ lè máa fa afẹ́fẹ́ jáde láti àárọ̀ dọ̀la, afẹ́fẹ́ ò ní tán nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ bíréèkì á máa rì.

Ọ̀dà fàdákà tí wọ́n ń fọ́n sí i ńkọ́? Ọ̀dà kì í wo ògùn-ún sàn. Ó ń bo rọ́bà tó ti ya mọ́lẹ̀ ni, ó ń dí ẹnu nípùlù, ó tún ń bo MIN TH tí wọ́n kọ sára dísìkì, ìyẹn bí ó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ó kéré tán. Ibi tí páàdì ń fẹnu kàn ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe etí rẹ̀ tí kò jẹ.

Èyí tó tún wá burú jù ni àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó ṣáà so kálípà mọ́ ọkọ̀ onídúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ó parí. Kò parí o! Tí ọkọ̀ bá ń dúró lójijì, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí ẹ̀yìn bá gba agbára jù, wíìlì ẹ̀yìn á há ṣáájú tiwájú, ọkọ̀ á yí po lójú ọ̀nà. Fáàfù kan wà tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, tó wà nítòsí másítà sìlíńdà (ibi tí ẹsẹ̀ bíréèkì ti ń ti ọ́ìlì), tàbí lára rẹ̀, tàbí lẹ́yìn pẹ̀lú sípíríǹgì tó ń wo ẹrù ọkọ̀. Ti ọkọ̀ onídúrọ́ọ̀mù kì í ṣe ti onídísìkì. Kálípà tún ń gba ọ́ìlì ju sìlíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù lọ. Másítà àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan sì ní fáàfù tó ń tọ́jú agbára díẹ̀ sínú páìpù nítorí dúrọ́ọ̀mù. Tó bá kù síbẹ̀, dísìkì á máa há. Nítorí náà, másítà àti fáàfù inú ọkọ̀ tí ẹ ti yọ kálípà ni kí ẹ bá a kó. Ẹ sì wo bóyá wíìlì yín á gba kálípà náà, torí kálípà lè kan inú wíìlì kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá yọ ṣọ́kù, mo bẹ̀ yín, kálípà ò ṣẹ̀ yín. Bóòtù méjì ló di bírákẹ́ẹ̀tì mú. Ẹ tú méjèèjì, ẹ gbé kálípà tòun ti họ́ọ̀sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ẹ dá bóòtù rẹ̀ padà sínú ihò tí ẹ ti yọ wọ́n, kí ẹ wá yọ ṣọ́kù yín máa lọ.