Ẹ Yéé Kí Mi Kú Oríire Owó-Oṣù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston níbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ń pè láti Ìbàdàn, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó bá tún kí mi kú oríire nítorí owó tí ìjọba Texas fi kún owó-oṣù tíṣà, ohun tó máa gbọ́ lẹ́nu mi kò ní dùn mọ́ ọn. Bọ̀dá kan tiẹ̀ ti ní kí n sọ owó ìkórè mi di ìlọ́po méjì. Owó wo, Bọ̀dá? Kọ́bọ̀ ò kàn mí níbẹ̀!

Lóòótọ́ ni òfin wà. Gómìnà Greg Abbott fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2025, bíi bílíọ̀nù 8.5 dọ́là ló sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé ìjọba. Owó gidi ni. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in. Ní dísíríìtì (ẹkùn tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ìjọba) tó tóbi bíi tiwa, tíṣà tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń gba àfikún 2,500 dọ́là lọ́dún. Ẹni tó ti lo márùn-ún sókè, 5,000. Ní dísíríìtì kéékèèké, bíi ti abúlé, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ju 5,000 lọ, 4,000 àti 8,000 dọ́là ni tiwọn. Èmi tí mo ṣì wà ní ọdún kejì ńkọ́? Òdo! Bẹ́ẹ̀ wàhálà kíláàsì mi ò kéré sí ti ẹni tó gba 5,000, ìwé tí mò ń máàkì di ọ̀gànjọ́ òru náà ò dín.

Mi ò bínú àwọn tíṣà abúlé o. Ó pẹ́ tí owó-oṣù tiwọn ti kéré sí ti ìlú ńlá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ la máa ń tètè sá kúrò nídìí rẹ̀, àwa náà ni wọ́n tún ní ká ṣì dúró ná.

Wọ́n á ní kí dísíríìtì fowó ara rẹ̀ kún tiwa. Èwo lowó ara rẹ̀? Owó ìpìlẹ̀ tó ń wọlé lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n lè fi san owó ẹni tó bá wù wọ́n, 6,160 dọ́là ló dúró sí láti 2019 títí di 2025. Láti 2019! Ẹyin wọ́n, owó ilé gun òkè, ìnṣọ́ránsì mọ́tò ò ṣeé gbọ́ sétí, 6,160 ò yẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa wá fi kún un, 55 dọ́là ni. Lórí ọmọ kan, fún odindi ọdún! Bàtà tí mo rà fún ọmọ mi lówó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ń bá mi tọ́jú àwọn ọmọ aláìlera ní kíláàsì, tó ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, tí wọ́n ń bù jẹ nígbà míì, òun kì í ṣe tíṣà lójú òfin. Òun, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ láíbìrì, inú 45 dọ́là lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni gbogbo wọn yóò ti jọ pín. Ó ti lọ gba iṣẹ́ alẹ́ kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé owó ò sí. Ní 2023, ohun tó ṣẹ́ kù sápò ìpínlẹ̀ yìí ju 30 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Gómìnà ní àfi kí wọ́n fọwọ́ sí owó tí òbí yóò fi gbé ọmọ lọ ilé-ìwé aládàáni. Ó pe àwọn aṣòfin sí ìpàdé pàtàkì lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò gbà fún un, owó tíṣà bá a lọ. Ní 2025 ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́: bílíọ̀nù kan dọ́là. Ìyẹn ò dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́!

Ọdún méjì-méjì làwọn aṣòfin wọ̀nyí ń jókòó ní Austin, olú-ìlú Texas. Ó di oṣù kìíní ọdún 2027 kí wọ́n tó tún padà. Onílé mi ti kọ̀wé pé owó ilé máa lé sí i lóṣù kẹjọ, kò sì béèrè iye ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́.