Ẹja Tó Ń Jẹ Ewédò Kì Í Ṣe Agbálẹ̀

Lóṣù tó kọjá, àbúrò kan pè mí láti Ìyìn. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn ìkíni rẹ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹja tó ń jẹ ewédò. Tánkì mi ti dọ̀tí." Mo bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti da omi iyọ̀ sínú tánkì ọ̀hún. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló wá rí níbẹ̀ gan-an? Ó ní nǹkan kan tó dà bí èlùbọ́ ló bo iyanrìn àti òkúta, tí èèyàn bá fi ìka kàn án, á fò kúrò.

Gbogbo àwa tá à ń sin ẹja òkun nínú dígí la ti gbọ́ ọ rí: bí ewédò, nǹkan tó máa ń hù bo òkúta àti dígí nínú omi, bá ti yọ, ẹja kan wà tí èèyàn á rà, tí yóò jẹ ẹ́ tán, bí ìgbà téèyàn gba ọmọ ọ̀dọ̀. Irọ́ ni. Èmi náà gbà á gbọ́ rí, mo sì sanwó ẹ̀.

Ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé yín. Yóò jẹ koríko lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń jẹ náà ló ń yàgbẹ́ sí. Òjò kan péré á rọ̀, koríko tó máa hù níbẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹja ṣe rí nìyẹn. Ohun tó bá jẹ kì í kúrò nínú omi. Á gba ara rẹ̀ jáde bí amóníà, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di náítréètì, náítréètì yìí sì ni ajílẹ̀ ewédò. Ewúrẹ́ tiẹ̀ sàn, a lè tú u lókùn.

Tánkì tèmi wà ní pálọ̀ mi ní Adó, lítà 75. Iyùn ló wà nínú ẹ̀, iyùn ààyè, kì í ṣe ti ọrùn Ọba. Ìyá mi wò ó títí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní: "Iyùn tá ò lè fi sọ́rùn, ẹja tá ò lè sè." Nígbà tí ewédò onírun bò ó, mo ra ẹja kan tó ń ha ewédò jẹ l'Ékòó, lawnmower blenny ni wọ́n ń pè é.

Ẹja náà dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Á fi lẹbẹ abẹ́ àyà jókòó sórí òkúta bí àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú kan á máa wòkè, ìkejì á máa wẹ̀yìn. Tó bá fò mọ́ dígí láti ha èyí tó fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ẹ ó rí àmì ètè rẹ̀ róbótó róbótó lẹ́yìn tó bá lọ, bíi pé ọmọdé kan ń fẹnu ko dígí láti inú. Àmọ́ onírun gígùn tó ń yọ mí lẹ́nu, kò kà á sí. Nígbà tí èyí tó fẹ́lẹ́ tán, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo fún un ní ewédò gbígbẹ tí àwọn ará Jàpáànì fi ń wé ìrẹsì, kò wò ó. Oṣù kẹta kò pé tó fi kú. Ebi ló pa á, nínú tánkì tó kún fún ewédò. Irú ẹja yẹn lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14. Lítà 75 kò lè bọ́ ọ.

Ta ló wá ń bọ́ ewédò? Èmi ni. Nígbà ọyẹ́, omi tánkì mi máa ń dín kù lójoojúmọ́. Omi nìkan ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ ò bá a lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí i. Omi kànga ni mo ń dà sí i. Kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá sábà máa ń ní náítréètì nínú, ohun tó bá sì wà nínú omi tòní ò ní bá omi gbẹ lọ. Á dúró de ti ọ̀la. Lọ́jọ́ tí mo wá fi ìgò ìdánwò wo omi kànga yẹn fúnra ẹ̀, ó pọ́n bí epo pupa. Mo jókòó. Owó ẹja, owó ọkọ̀ Èkó, gbogbo ẹ̀, tí mo sì ń fi garawa gbé oúnjẹ fún ewédò láràárọ̀!

Ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ omi títí tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ku nǹkan kan nínú ẹ̀ ló bá mi yanjú ẹ̀. (Píọ̀ wọ́tà kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀ o, pé omi ṣeé mu kò ní kó má ní náítréètì.) Mo fọwọ́ fa onírun yẹn jáde bí ẹni ń tu koríko, mo dín iná kù sí wákàtí 8 lóòjọ́, mo ta kọ́tìnì sí fèrèsé, mo dín oúnjẹ ẹja kù. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, òkúta mi hàn.

Bí ẹja bá ṣì wù yín, ẹ má wo yellow tang tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Sẹ̀ǹtímítà 20 ló lè gùn dé, ó fẹ́ràn kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bọ̀, nǹkan bíi lítà 400 ló ń fẹ́. Pleco tó ń lẹ̀ mọ́ dígí ńkọ́? Ẹja omi aláìníyọ̀ nìyẹn, omi iyọ̀ á pa á. Èyí tó bá tánkì kékeré mu ni tailspot blenny, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa fún òun náà lóúnjẹ. Ní ti nǹkan pupa tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ tí ẹ lè rí nínú tánkì, bakitéríà ni, ẹja tó máa fẹnu kàn án ṣọ̀wọ́n.

Ìṣáwùrú òkun ni mo máa kọ́kọ́ rà kí n tó ra ẹja. Àwọn náà ń yàgbẹ́, àmọ́ ó mọ níwọ̀n. Ẹ mú irú tí wọ́n ń pè ní trochus. Tó bá dojú dé, á yí ara ẹ̀ padà. Astraea, irú ìṣáwùrú mìíràn, kì í sábà lè ṣe é.

Èlùbọ́ ti àbúrò mi yẹn, ewédò tó máa ń bá tánkì tuntun wá ni. Sílíkéètì, èròjà kan nínú omi, ló ń jẹ, tíyẹn bá tán, òun náà á lọ. Tánkì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè má tíì ní kòkòrò tó pọ̀ tó láti gbọ́ ti amóníà. Ẹja tó bá kó sínú ẹ̀ lè kú lásán. Mo ní kó ṣe sùúrù, kó ra trochus mẹ́ta. Ó pòṣé.

Ó pè lálẹ́ àná. Èlùbọ́ ti ń lọ. Ṣùgbọ́n astraea ni ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ dì fún un, ọ̀kan sì ti dojú dé láti àárọ̀, ẹsẹ̀ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?" Mo ní kó ki ọwọ́ bọ omi, kó yí i padà.