Kò Dìgbà Tí Ọmọ Bá Tún SAT Ṣe Kó Tó Ṣí Lọ sí Yunifásítì Tó Dára Jù

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn òbí àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà, pé bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò lórúkọ púpọ̀, tó sì fẹ́ ṣí lọ sí yunifásítì tó dára jù ú lọ, àfi kó kọ́kọ́ padà lọ ṣe ìdánwò SAT tàbí ACT, ìyẹn ìdánwò tí ọmọ girama ń ṣe kó tó wọ yunifásítì níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, kí máàkì rẹ̀ lè ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá tó kàwé dáadáa, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ṣe wọ́n ní ìpalára.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìpínlẹ̀ California. Máàkì SAT tó gbà nígbà tó ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá wọ kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, pẹ̀lú èrò pé láti ibẹ̀ ni òun yóò ti bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ńlá tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀. Nígbà tó wọ sẹ̀mẹ́sítà kẹta, àwa ẹbí dá owó jọ, a bá a wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọ nílé, ó sì ń lo gbogbo ọjọ́ Sátidé àti ọ̀pọ̀ òru lórí SAT. Máàkì rẹ̀ gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn kan náà, C ló gbà nínú kálíkúlọ́ọ̀sì kejì, ọmọ tó jẹ́ pé A ló gbà nínú ti àkọ́kọ́. Nígbà tó jókòó láti kọ fọ́ọ̀mù ló tó hàn sí i pé yunifásítì tí òun ń lé kò ní wo SAT rárá, pé C yẹn gan-an ni wọ́n máa wò. Mo wà lára àwọn tó gbà á nímọ̀ràn pé kó tún ìdánwò náà ṣe, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Púpọ̀ nínú wa ló ti la ọwọ́ JAMB kọjá, àjọ tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Máàkì UTME, tí 400 jẹ́ òpin rẹ̀, kì í wúlò kọjá ọdún tí a bá fi ṣe é: ẹni tí kò bá rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún yìí, fọ́ọ̀mù mìíràn ni yóò rà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin yóò gbà pé ìgbàkígbà tí èèyàn bá tún fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, ẹnu ọ̀nà ìdánwò náà ló gbọ́dọ̀ tún gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mìíràn wà nílé tí gbogbo wa mọ̀, tí a kàn ń gbàgbé. Ẹni tó ti gba OND ní pólì, tàbí tó ti gba NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni-níṣẹ́-olùkọ́, lè gba Direct Entry wọ ipele 200 láì jókòó ṣe UTME, nítorí pé ẹ̀kọ́ gíga tó ti kọ́ ni yunifásítì fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣíṣí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ sí òmíràn ní Amẹ́ríkà sún mọ́ Direct Entry ju bó ṣe sún mọ́ JAMB lọ, ká ní Direct Entry la fi wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ owó àti àkókò ni a kì bá tí fi ṣòfò.

Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ìdánwò náà wà fún. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe SAT, ACT sì tẹ̀ lé e ní 1959. Ọmọ tí kò tíì jókòó nínú kíláàsì yunifásítì rí ni wọ́n ṣe é fún: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà pọ̀ lọ súà, A tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń fúnni kì í ṣe ẹgbẹ́ A ti ibòmíràn, nítorí náà ni àwọn yunifásítì fi ń wá ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi díwọ̀n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ṣe sí ní ọdún kìíní. Àsọtẹ́lẹ̀ ni máàkì náà. Ẹni tó ń lọ sí oko ló ń wo ojú sánmọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀. Ẹni tí òjò ti ń pa nínú oko kò ní í wo ojú sánmọ̀ mọ́ kó tó mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Ọmọ tó ti lo ọdún kan tàbí méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ti ṣe ìṣirò, kẹ́mísírì àti àròkọ níbẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì ohun tí SAT kàn ń méfò lé lórí. Èsì yẹn ni àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣí wọlé máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní California, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àríyànjiyàn. Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ tó ń darí Yunifásítì California dìbò láti dẹ́kun bíbéèrè SAT àti ACT, nígbà tó sì di 2021 wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná pé àwọn kò ní wò ó mọ́ rárá, ìbáà jẹ́ pé ọmọ fi ránṣẹ́ tàbí kò fi ránṣẹ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ California, tí òun ní ọgbà tó pọ̀ jù, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Àwọn tí ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìpinnu wọ̀nyí yí nǹkan padà fún. Ní ti àwọn tó ń ti kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀, SAT kì í sábà jẹ́ ohun tí a fi ń dá wọn lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀ pàápàá. Ohun tí Yunifásítì California ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni kírẹ́díìtì 60 ní ìṣirò sẹ̀mẹ́sítà, àwọn kọ́ọ̀sì kan pàtó, àti GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì wọn, tí kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 2.4 fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà tàbí 2.8 fún ẹni tó ti ìta wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi 2.4 tan ara rẹ̀ jẹ o, nítorí pé GPA àwọn tí Berkeley àti UCLA, méjì nínú ọgbà Yunifásítì California, ń gbà wọlé ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú àwọn ọgbà náà, Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara àti Santa Cruz, ní ètò tó ń ṣe ìlérí ààyè fún ọmọ kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ náà bó bá ti pé ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀. Ojú òpó ASSIST sì wà tó ń fi hàn, kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì, èyí tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Wákàtí kan lórí ASSIST wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lórí ìwé SAT lọ.

Florida ni mo fẹ́ràn láti máa fi ṣàlàyé, nítorí pé ìpínlẹ̀ tí kò fi SAT ṣeré ni. Gbogbo ọmọ tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ girama bọ̀ wá sí yunifásítì ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mú máàkì ìdánwò wá. Ẹni tó ń ṣí bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò sì tó 60, irú ojú kan náà ni wọ́n ń fi wò ó, wọn yóò béèrè ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí ẹni kan náà bá fara balẹ̀ parí ọdún méjì, tó gba oyè AA ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ibẹ̀, òfin ti fún un ní ààyè nínú ọ̀kan lára àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó wù ú jù, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan sì wà tí ààyè wọn kò pọ̀. Iye kírẹ́díìtì tó wà lọ́wọ́ ọmọ ló pinnu bóyá ìdánwò kàn án.

Àwọn kan yóò sọ pé, ṣebí Harvard ti dá SAT padà. Òótọ́ ni. MIT dá a padà ní 2022. Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard tẹ̀ lé e ní 2024. Ìròyìn yẹn tàn ká lórí WhatsApp wa, ó sì tún fún ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà lágbára. Ohun tí a kò kà nínú rẹ̀ ni pé ọmọ tó ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìkéde wọ̀nyẹn dojú kọ ní pàtàkì. Fún ẹni tó ń ṣí bọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Àwọn kan ń béèrè ìdánwò, àwọn kan ní kò pọn dandan, àwọn kan kò sì fẹ́ rí i. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè, máàkì tí ọmọ gbà nígbà tó wà ní girama ni wọ́n sábà máa ń gbà, nítorí pé College Board, àjọ tó ń ṣe SAT, ń tọ́jú máàkì àtijọ́, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ bí a bá san owó rẹ̀. Bákan náà, ohun tó ń dínà mọ́ni ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè má jẹ mọ́ máàkì rárá: láti 1990 títí di 2018, Princeton kò gba ẹnikẹ́ni tó ń ṣí bọ̀ láti ibòmíràn.

Èmi kò sọ pé kò sí ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Ọmọ tó ń ṣí lẹ́yìn sẹ̀mẹ́sítà kan péré kò tíì ní àkọsílẹ̀ tó pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò sì tún béèrè èsì girama rẹ̀. Bí yunifásítì tó ń lọ bá ka ìdánwò sí, tí máàkì rẹ̀ sì kéré, ó lè ṣe é. Ẹni tí kò ṣe é rí, tí ilé-ẹ̀kọ́ tó yàn sì béèrè rẹ̀, kò ní ọ̀nà mìíràn. Ti TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, yàtọ̀ pátápátá: ọdún méjì ni máàkì rẹ̀ ń lò, nítorí náà ọmọ tó ṣe é ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kó tó wá lè rí i pé ó ti kú nígbà tó bá fẹ́ ṣí. Kó béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tuntun náà bóyá ẹ̀kọ́ tó ti ṣe ní Amẹ́ríkà ti tó láti fi yọ̀ǹda rẹ̀ kó tó sanwó ìdánwò mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin òbí ni pé, kí ẹ tó wá olùkọ́ SAT fún ọmọ, ẹ jọ ṣí ojú ewé tí yunifásítì náà kọ fún àwọn tó ń ṣí bọ̀, kì í ṣe èyí tó kọ fún ọmọ girama, kí ẹ sì ka iye kírẹ́díìtì tí wọ́n ń fẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tún kálíkúlọ́ọ̀sì kejì yẹn kọ́, kó lè fi A pa C rẹ́. Wọn kò gbà fún un. Ní àwọn kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì California, D tàbí F ni a lè tún kọ́ọ̀sì kọ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba C, ó ti gbà á nìyẹn.