Fọ́ọ̀mù Gígùn Kò Lé Oníyẹ̀yẹ́ Kankan, Irọ́ Ló Ń Kó Jọ

Sátidé tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe lè máa tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gbẹ́ni kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní: "Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà mi lóòótọ́, á kún fọ́ọ̀mù mi, kódà kó gùn tó ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹni tó jókòó tì mí tún ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé bí a ṣe ń sẹ́ ògì ni fọ́ọ̀mù gígùn ṣe ń sẹ́ oníyẹ̀yẹ́ kúrò lára oníbàárà gidi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún àwọn oníṣòwò nílùú Àkúrẹ́, láti Ìjàpọ̀ títí dé Ọjà Ọba, ṣàṣà sì ni ẹni tí kò sọ ọ́ fún mi rí nínú wọn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ oníbàárà àwọn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìmọ̀ tí wọ́n ń rí kó jọ.

Ọ̀gá kan wà tó ń ta ọmọ adìẹ ọjọ́ kan àti oúnjẹ adìẹ. Ẹlòmíràn ló ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ kó tó gbé e wá fún mi. Kí oníbàárà tó lè béèrè adìẹ kan ṣoṣo, ìbéèrè mọ́kàndínlógún ló gbọ́dọ̀ dáhùn: orúkọ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, kóòdù ìfìwéránṣẹ́, ímeèlì, pásíwọ́ọ̀dù tó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì, ibi tó ti gbọ́ nípa wa, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí n tún ojú rẹ̀ ṣe kó lẹ́wà, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbéèrè kankan, pé dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa àwọn oníbàárà, ni òun fi ń ṣètò òwò òun. Mo ní kí a jọ wo dátà náà ná.

A ṣí i. Ohun tó ti ń dùn mọ́ ọ̀gá nínú ni pé oníbàárà òun pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Abia. Ó tilẹ̀ ti ń rò ó pé òun á wá aṣojú kan sí Umuahia. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mú nọ́ńbà kan níbẹ̀, ẹ pè é." Wọ́n pè é. Ẹ̀yìn FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́ níbí, ni ọkùnrin náà ń gbé, kò dé Abia rí láyé rẹ̀. Wọ́n to àwọn ìpínlẹ̀ bí lẹ́tà ABD ṣe tẹ̀lé ara wọn, Abia ló ṣíwájú, òun ló sì ti wà lójú fọ́ọ̀mù kí oníbàárà tó dé. Oǹdó di ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Ta ni yóò máa fi àtàǹpàkò ti ìpínlẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọjá lórí fóònù kékeré, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀? Wọ́n fi Abia sílẹ̀, wọ́n kọjá.

Ọjọ́ ìbí ló tún wá burú jù. Fọ́ọ̀mù náà ti gbé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1990 síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé nǹkan bí ìdajì oníbàárà ọ̀gá ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, bí ìbejì. Ọ̀gá sì ti sanwó fún ètò tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí èèyàn kú ọjọ́ ìbí. Ẹ wò ó ná: ọjọ́ ọdún tuntun, oníkálukú jókòó ti ìrẹsì rẹ̀, fóònù ń dún lọ́tùn-ún lósì, "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ ó ṣe púpọ̀ láyé." Àwọn kan dúpẹ́. Bàbá kan láti Ìdànrè pe ọ̀gá padà, wọ́n ní ta ló sọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun fún un, nítorí òun alára kò mọ̀ ọ́n.

Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ńkọ́? Ti Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 340. Ẹ lọ dá èèyàn mẹ́wàá dúró ní ọ̀nà Ọba Adéṣidà, kí ẹ bi wọ́n. 000000 ló kún inú dátà ọ̀gá, àti 234, àti 12345. Lójú orúkọ àárín tí wọ́n sọ di dandan, "nil" ló wà níbẹ̀, tàbí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo.

Ohun kan tó pé nínú gbogbo rẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù, nítorí ẹni tó fẹ́ ra adìẹ mọ̀ pé bí òun bá purọ́ níbẹ̀, adìẹ kò ní í dé. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Oníbàárà ń sọ òótọ́ níbi tí òótọ́ bá ti ṣe é láǹfààní. Ibi tí kò bá ti ṣe é láǹfààní, yóò kọ ohunkóhun tí bọ́tìnnì bá ti lè gbà.

Ti oníyẹ̀yẹ́ tí wọ́n ní fọ́ọ̀mù gígùn ń lé? Oníyẹ̀yẹ́ ló ráyè jù. Òun ló ń fẹ̀yìn ti ògiri kún un dópin. Ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta adìẹ lọ́sẹ̀ yìí, òun ló ń sá lọ bá ẹlòmíràn lórí WhatsApp.

Kì í sì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan. Expedia, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì, rí i pé àwọn kan ń tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, owó kò sì wọlé. Àyè kan tí wọ́n kọ "Company" (iléeṣẹ́) sí ló ń fa wàhálà. Kò tilẹ̀ pọn dandan láti kọ nǹkan síbẹ̀. Àwọn oníbàárà rò pé orúkọ báńkì àwọn ni wọ́n ń béèrè; wọ́n kọ ọ́, wọ́n wá kọ àdírẹ́sì báńkì tẹ̀lé e, káàdì wọn sì kọ̀ nítorí pé kì í ṣe àdírẹ́sì ilé wọn. Wọ́n yọ àyè ẹyọ kan yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ní 2010 ni pé mílíọ̀nù dọ́là 12 ló fi kún èrè wọn lọ́dún.

Jared Spool, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí, ròyìn ti ilé ìtajà ńlá kan ní 2009. Ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù péré ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó sanwó, kò tó ìbéèrè ọ̀gá ẹlẹ́dìẹ wa rárá. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tú àkọsílẹ̀ wọn wò, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà ló ti forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn mìíràn tó ìgbà 10. Ẹnìkan ṣoṣo, ó di ẹni mẹ́wàá nínú dátà! Lójoojúmọ́, ẹgbẹ̀rún 160 èèyàn ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gbàgbé, ìdá 75 nínú wọn kò sì ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà mọ́. Wọ́n yọ bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀, wọ́n fi "Tẹ̀síwájú" síbẹ̀. Iye àwọn tó rajà fi ìdá 45 lé sí i, owó tó wọlé lọ́dún àkọ́kọ́ sì fi mílíọ̀nù dọ́là 300 ju ti tẹ́lẹ̀.

Òfin wa náà ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ní kí iléeṣẹ́ má gba ju ìwọ̀nba ohun tó nílò lọ. Kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ ìbí mi ṣe lórí adìẹ?

Ẹ má rò pé mo ní kí ọ̀gá má mọ oníbàárà rẹ̀ o. Mẹ́ta la fi sílẹ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́: orúkọ nínú àyè kan ṣoṣo, kí olórúkọ kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ nílé, pẹ̀lú ààmì rẹ̀ lókè nísàlẹ̀ (fọ́ọ̀mù àtijọ́ máa ń lé "ẹ" àti "ọ" padà bí ẹni lé ajá), nọ́ńbà fóònù, iye adìẹ. Kò sí pásíwọ́ọ̀dù, kóòdù ni a ń fi ránṣẹ́ sí fóònù. Àdírẹ́sì di ìgbà tí owó bá wọlé tí awakọ̀ fẹ́ gbéra. Nígbà náà, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣàlàyé pé kí ẹ dé Road Block, kí ẹ yà sọ́tùn-ún, kí ẹ máa wo géètì aláwọ̀ ewé.

Ọjọ́ ìbí oníbàárà, a yọ ọ́. Ọjọ́ ìbí adìẹ la fi rọ́pò rẹ̀: ọjọ́ wo lẹ gba ọmọ adìẹ yín? A ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán yín létí nígbà tí oògùn àjẹsára Gumboro àti Lasota bá kàn. Àwọn tó parọ́ Abia níjọ́sí, wọn kò purọ́ níbí, nítorí ẹni tí àrùn ti kó adìẹ rẹ̀ lọ rí kì í fi ọjọ́ àjẹsára ṣàwàdà. Láti ara ọjọ́ kan yẹn, ọ̀gá ti mọ ìgbà tí sítátà, oúnjẹ ọmọ adìẹ, yóò tán lọ́wọ́ oníbàárà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá fíníṣà, oúnjẹ adìẹ tó ti dàgbà. Kí ó tó wá a, ọ̀gá ti pè é. Dátà nìyẹn!

Ìyá tó ń ta iṣu fún wa ní Ọjà Ọba mọ iye ọmọ tí mo bí, wọ́n mọ àna mi, wọ́n mọ̀ pé ìyàwó mi kì í jẹ iṣu tuntun. "Eélòó lẹ fẹ́ rà?" nìkan ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo gbà pé báńkì gbọ́dọ̀ béèrè BVN, òfin ló ní kí wọ́n béèrè. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n dín ìbéèrè kù tí àwọn tó ń kún fọ́ọ̀mù tún dínkù, nítorí èyí tó ń wu èèyàn dáhùn ni wọ́n yọ. Ó tán, mo ti sọ ọ́.

Kí n tó kúrò ní Alágbàká lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ṣí fọ́ọ̀mù ọ̀gbẹ́ni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí fóònù mi. Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún. Mo kún un dópin, mo ṣáà ráyè. Ó ti gbà mí wọlé báyìí: oníbàárà gidi ni mí, ará Abia, tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún tuntun. Mo ń retí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀.