Ewé nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀
Gbólóhùn tó wà nínú ìròyìn nípa bí àwọn olùwádìí ṣe fi èròjà ewéko ṣe kírísítálì olómi (ohun tó ń ṣàn bí omi, àmọ́ tí àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ tò létòlétò, tí wọ́n ń lò fún ojú fóònù), pé ojú fóònù wa yóò di ewé àti gbòǹgbò pátápátá láìpẹ́ ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí ó kọjá ohun tí iṣẹ́ náà gbé. Èròjà inú ewéko, irú resveratrol tó wà lára èèpo èso àjàrà, ń mú apá hydroxyl wá, ìyẹn oxygen àti háídírójìn tó so pọ̀. Èròjà kejì tí wọ́n pò mọ́ ọn, tó ní nitrogen lára pẹ̀lú ìrù gígùn, inú ilé ìwádìí ni wọ́n ti ń ṣe é, ìdè háídírójìn, ìyẹn ìfàmọ́ra tó wà láàárín háídírójìn ara hydroxyl yẹn àti nitrogen náà, ló sì so méjèèjì pọ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé a kàn lè pò wọ́n pọ̀ kí a sì yọ́ wọn, láìsí làálàá kẹ́míkà gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ìdè náà kò yi, bí ooru bá pọ̀ jù, yóò tú.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé ṣáájú mi pé ohun kan náà ni pẹ̀lú aró ẹlú tiwa, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín àwọn aláró ni mo dàgbà sí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí: bí a bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ máa ń ní, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ìdè háídírójìn wà nínú aró lóòótọ́, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó yòrò nínú omi, àmọ́ ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di kírísítálì olómi. Kárọ́ọ̀tì ló yẹ kí ẹ dárúkọ, nítorí cholesterol ara rẹ̀ ni Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko, ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní 1888, tí èyí tó ṣe láti inú rẹ̀ fi yọ́ di omi tí kò mọ́ ní 145.5°C, tó sì wá mọ́ gaara ní 178.5°C; omi tí kò mọ́ yẹn gan-an ni kírísítálì olómi.