Kò sí okùn lẹ́sẹ̀ olórí àlùfáà

Kíláàsì àwọn ọmọdé ni mo wà lọ́jọ́ tí tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ tú okùn dòrò létí kànga ṣọ́ọ̀ṣì, tó so ó mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, tó sì ní kí n ṣe bí olórí àlùfáà, kí n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó fi ìdì kọ́kọ́rọ́ kan lé mi lọ́wọ́ kí n máa mì ín. Ó ní kí n dákẹ́ tó bá yá. Bí mo ṣe dákẹ́ báyìí, ó pariwo pé, “Ó ti kú! Ẹ fà á!” Àwọn ọmọ tó kù fà mí. Ìdí ni mo fi wọ́lẹ̀ jáde, okùn tútù yẹn sì bó mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Lóru ọjọ́ yẹn n ò rí oorun sùn. Bí Ọlọ́run bá lè pa àgbàlagbà onírùngbọ̀n nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo, kí ni yóò ṣe èmi tí mo jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi?

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí n kò tíì gbọ́ ìtàn yìí: ìṣọ́ òru, orí rédíò, orí WhatsApp, kódà níbi ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní Ọjọ́ Ètùtù, olórí àlùfáà Ísírẹ́lì á wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ, yàrá inú lọ́hùn-ún tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ṣaworo á wà létí aṣọ rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run á pa á, ṣaworo á dákẹ́, wọ́n á sì fi okùn wọ́ òkú rẹ̀ jáde, torí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé lọ gbé e.

Ìtàn dídùn ni, àmọ́ kò sí nínú Bíbélì. Léfítíkù orí 16 ni òfin ọjọ́ náà látòkè délẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ ka Ẹ́kísódù àti Hébérù lé e. Ẹ ò ní rí okùn níbẹ̀.

Ṣaworo nìkan ló ní òótọ́ díẹ̀ nínú, òun náà ló sì ba ìtàn ọ̀hún jẹ́. Ẹ́kísódù 28 sọ̀rọ̀ ẹ̀wù aláró tí olórí àlùfáà ń wọ̀ sábẹ́ éfódì, ìyẹn aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, tí ṣaworo wúrà wà níṣẹ́tí rẹ̀, kí a lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, kí ó má baà kú. Ẹ̀wù iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn, ti Ibi Mímọ́ tó wà níta aṣọ ìkélé, níbi tí ọ̀pá fìtílà àti pẹpẹ tùràrí wà. Ní Ọjọ́ Ètùtù, tó bá ń wọ inú lọ́hùn-ún, Léfítíkù 16:4 ka ohun tó gbọ́dọ̀ wọ̀: ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, ṣòkòtò ọ̀gbọ̀, àmùrè ọ̀gbọ̀, láwàní ọ̀gbọ̀. Ó tán. Kò sí aláró, kò sí wúrà, kò sí ṣaworo. Ẹni tí wọ́n ní ká máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀ kò wọ ohunkóhun tó ń ró. Àfi bíi kí wọ́n tú gbogbo ṣaworo ara ìyáàlù, kí wọ́n tún ní ká máa gbọ́ ọ.

Ta ló wá ń di okùn ọ̀hún mú? Ẹsẹ 17 orí kan náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sí nínú àgọ́ àjọ títí olórí àlùfáà yóò fi jáde. Ìta gbangba nìkan lẹni tó fẹ́ fà á lè dúró sí. Nígbà tí tẹ́ńpìlì ti gba ipò àgọ́ náà, tí tẹ́ńpìlì kejì sì wà ní Jerúsálẹ́mù, gígùn Ibi Mímọ́ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 40, ti Ibi Mímọ́ Jùlọ jẹ́ 20, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní mítà 25. Mishnah, àkójọ òfin àwọn Júù tí wọ́n tò pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, sọ pé aṣọ ìkélé méjì ló wà níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan ló sì wà láàárín wọn. Ti ìta ṣí ní apá gúúsù, ti inú ṣí ní apá àríwá. Àárín méjèèjì ni ọkùnrin náà á gbà kọjá kó tó yà wọlé. Ìgbà mẹ́rin ló sì ń wọlé lọ́jọ́ náà: ó gbé tùràrí wọlé, ó gbé ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù wọlé, ó gbé ẹ̀jẹ̀ òbúkọ wọlé, ó tún padà lọ kó àwo tùràrí jáde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń wẹ̀, tó ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹ ò rí i bí okùn yẹn ì bá ṣe ta kókó!

Mishnah yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé irọ́ ni. Kò sí ohun kékeré tí ọkùnrin yìí ṣe tí wọn ò kọ sílẹ̀. Ọjọ́ méje ṣáájú ni wọ́n á ti mú un kúrò nílé. Lálẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ náà fẹ́ mọ́, wọn ò ní jẹ́ kó jẹun púpọ̀, kó má baà sùn lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ ò bá mọ̀wé, wọ́n á ka ìwé Jóòbù, Ẹ́sírà àti Kíróníkà fún un. Bó bá ń tòògbé, àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà á máa ta ìka létí rẹ̀, wọ́n á ní kó dìde kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù kí oorun lè dá. Wọ́n yan àlùfáà mìíràn sílẹ̀ bó bá di pé ohun àìmọ́ kan kàn án. Rábì Júdà, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, tiẹ̀ ní kí wọ́n pèsè ìyàwó mìíràn sílẹ̀ fún un, bóyá tilé á kú lójijì, torí òfin ní kó ṣètùtù fún ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Àwọn tó kù dá a lóhùn pé bí a bá ní ká máa rò ó báyẹn, ọ̀rọ̀ ò ní lópin. (Ibẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.) Àwọn tó ronú dórí ìyàwó àfirọ́pò, ṣé okùn ni wọ́n máa gbàgbé?

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé ewu wà. Wọ́n kọ ọ́ pé àdúrà kúkúrú ló ń gbà kó tó jáde, kí àyà àwọn èèyàn má baà já, àti pé tó bá délé tán, á se àsè fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ torí pé ó jáde láyọ̀. Talmud, ìwé ńlá tí àwọn olùkọ́ Júù fi ṣàlàyé Mishnah, sọ pé ó ju 300 olórí àlùfáà lọ tó jẹ ní tẹ́ńpìlì kejì, pé ọ̀pọ̀ wọn ò lo ọdún kan pé, torí owó ni wọ́n fi ń ra oyè náà. Kò sọ pé wọ́n fi okùn fa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Josephus, òpìtàn Júù tó jẹ́ ọmọ àlùfáà, tó sì gbé ayé nígbà tí tẹ́ńpìlì ṣì dúró, ka aṣọ olórí àlùfáà lọ́kọ̀ọ̀kan dórí ṣaworo. Okùn kò sí níbẹ̀.

Inú Zohar la ti rí i. Ìwé àwọn Júù tó ń wá ìjìnlẹ̀ àwámárìídìí ni, ilẹ̀ Sípéènì ló ti jáde ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, látọwọ́ Moses de León tó kú ní 1305. Níbì kan nínú rẹ̀, wúrà ni wọ́n ní okùn náà jẹ́. Ọdún 70 ni àwọn ará Róòmù wó tẹ́ńpìlì. Ó ju 1,200 ọdún lọ lẹ́yìn tí olórí àlùfáà ìkẹyìn ti wọlé kẹ́yìn kí ẹnì kan tó so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣebí ìtàn lásán ni, kí ló kàn mí?

Ohun tó kàn mí ni pé ìtàn okùn yí òfin náà lójú dé. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Léfítíkù 16: lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ Árónì méjì ni Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ náà. Nádábù àti Ábíhù ti kú níwájú Olúwa nítorí iná àjèjì. Àwọn ìbátan wọn, Míṣáẹ́lì àti Élísáfánì, sì ti wọlé fi ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n gbé òkú wọn jáde tẹ̀wù tẹ̀wù. Bí okùn yóò bá wọ òfin, ibẹ̀ ló yẹ kó ti wọ̀ ọ́. Kí ni Ọlọ́run fi síbẹ̀? Èéfín tùràrí tí yóò bo ìtẹ́ àánú, kí ó má baà kú. Akọ màlúù fún ẹ̀ṣẹ̀ àlùfáà fúnra rẹ̀, ṣáájú òbúkọ àwọn èèyàn. Ẹ dákun, ẹ tún un kà: òfin ti mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń bọ̀, ó sì ti pèsè bí yóò ṣe wọlé tí yóò sì jáde láàyè. Wọ́n wá ń wàásù fún wa pé ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ló ń pa á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo ni màlúù wá ń ṣe?

Ẹni tó kọ ìwé Hébérù kà á bó ṣe wà. Ní 9:7 ó ní olórí àlùfáà kì í wọlé láìmú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, fún ara rẹ̀ àti fún ìṣìnà àwọn èèyàn. Orí kẹwàá ló wá sọ fún àwa náà pé ká wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ nípa ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó sì lo ọ̀rọ̀ náà ìgboyà. Pásítọ̀ tó bá fi okùn dẹ́rù bà mí kúrò níbi pẹpẹ ń wàásù òdì kejì ohun tó wà níwájú rẹ̀. N ò sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe ẹni ìbẹ̀rù. Nádábù kú lóòótọ́.

Ẹnì kan bi mí nígbà tí mo sọ èyí níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì pé, “Bùọ̀dá, bí ó bá wá kú síbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni, àwọn olùkọ́ Júù sì ti dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn lè wọlé láti tún ibẹ̀ ṣe tàbí láti kó ohun àìmọ́ jáde: àlùfáà ni kó kọ́kọ́ lọ, bí kò bá sí, ọmọ Léfì, bí kò bá sí, ọmọ Ísírẹ́lì èyíkéyìí. Ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ tún ògiri ṣe ló dùn mọ́ mi jù. Ihò wà nílẹ̀ yàrá òkè tó dojú kọ Ibi Mímọ́ Jùlọ. Inú àpótí ni wọ́n á kó wọn sí, wọ́n á sọ wọ́n kalẹ̀ látòkè, kí wọ́n má baà wo ibi tí kò kàn wọ́n. Bí okùn kankan bá wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ rí, a jẹ́ pé ti bíríkìlà ni.